Ta ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ọjà ọmọdé tó ń lọ sí Amẹ́ríkà?

Kò sí bí oṣù kan ṣe máa parí kí ẹnì kan má pè mí pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń gba sátífíkéètì tí wọ́n fi ń ta aṣọ ọmọdé l'Amẹ́ríkà, èló ni wọ́n ń gbà?" Télọ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, aṣọ ọmọdé ni mò ń rán jù, àdìrẹ àti Ańkárá, mo tún máa ń fi aṣọ tó bá ṣẹ́kù ṣe ọmọlangidi. Ìbéèrè yẹn kì í bí mi nínú rárá, torí èmi náà ti bi èèyàn rí, owó mi ló sì bá a lọ.

Oníbàárà kan ló wà ní Maryland, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀ tó ti ń ta aṣọ ilẹ̀ wa fáwọn ọmọ. Ó ní kí n bá òun ṣe gáùn ọgọ́ta àti ọmọlangidi ogún, ó ní kí n má gbàgbé CPC o, ìyẹn sátífíkéètì ọjà ọmọdé tí wọ́n máa ń bi mí yẹn. Mo ní kò séwu, mo rò pé nǹkan bíi nọ́ńbà NAFDAC ni, pé èèyàn á lọ sí ọ́fíìsì kan, á sanwó, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó parí. Ẹnì kan l'Ékòó lóun lè bá mi ṣe é, ó gbowó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó gbé bébà kan fún mi, bébà tó nípọn dáadáa, wọ́n ya idì sórí ẹ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ pupa wà níbẹ̀. Inú mi dùn, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Oníbàárà mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Ẹ má bínú ma, orúkọ láàbù tó yẹ ọjà yìí wò dà? Orúkọ tèmi náà ńkọ́?" Mo yẹ bébà yẹn wò níwá lẹ́yìn. Kò sí orúkọ láàbù kankan níbẹ̀, ká sì sòótọ́, kò sẹ́ni tó mú ẹyọ aṣọ kan lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kó yé gbogbo wa. CPC yìí, Children's Product Certificate lórúkọ ẹ̀ ní kíkún, kò sí ọ́fíìsì ìjọba kankan tó ń fúnni, ì báà ṣe l'Amẹ́ríkà, ì báà ṣe ní Nàìjíríà. Ẹni tó kó ọjà wọ Amẹ́ríkà ló máa kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ọjà ọ̀hún, ẹni tó ṣe é ló máa kọ ọ́. Ẹ fi wé ìwé ìbúra tí wọ́n ń ṣe ní kóòtù, akọ̀wé kóòtù kọ́ ló ń búra, ẹni tó lọ̀rọ̀ ló ń búra, tó bá sì purọ́, òun ni òfin máa mú. Iṣẹ́ láàbù ni kó yẹ ọjà wò kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó kó ọjà wọlé ni kó mú èsì yẹn lọ́wọ́ kó sọ pé èmi lágbájá, mo jẹ́rìí pé ọjà yìí bá òfin mu. CPSC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kì í tẹ òǹtẹ̀ lu ọjà ẹnikẹ́ni pé ó dáa. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá lóun fẹ́ ta CPC fún yín láì mú ọjà yín dé láàbù, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ tà fún yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí òfin yẹn fi le tó báyẹn, torí àwọn kan máa ń sọ pé àwọn òyìnbó kàn fẹ́ dí wa lọ́nà ni. Ní 2006, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Minneapolis gbé ohun ọ̀ṣọ́ kékeré kan mì, èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn mọ́ bàtà, ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n yẹ nǹkan yẹn wò, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló jẹ́ òjé, òjé tí àwa náà ń pè ní lẹ́ẹ̀dì yìí. Ní 2007, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kó ohun ìṣeré bíi mílíọ̀nù mélòó kan padà kúrò lọ́jà nítorí òjé tó wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n. Nígbà tó di August 2008 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní CPSIA, òun ló sọ CPC àti yíyẹ ọjà wò ní láàbù di dandan. Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan ni. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọ tí òjé pa, eruku ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ló fà á. Ní Boston ní 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan, wọ́n wá ibi tó ti wá títí, tìróò ni, tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń lé fún ọmọ náà, òjé inú ẹ̀ lé ní ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá mi lé tìróò fún mi, èmi náà lé e fún àkọ́bí mi, ìfẹ́ la fi ń ṣe é. Òjé kì í hàn lójú, kì í rùn, ọpọlọ ọmọ ló máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn dókítà ò sì tíì rí ìwọ̀n kankan tí wọ́n lè sọ pé kò ní ṣe ọmọdé ní nǹkan kan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, ọmọ ọdún mélòó ni mo ṣe nǹkan yìí fún? Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ ni ọjà ọmọdé. Báàgì àdìrẹ tí ìyá ń gbé lọ sọ́jà kì í ṣe ọjà ọmọdé, bí ọmọ tiẹ̀ gbé e kọ́rùn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rán an kéré, tẹ́ ẹ ya ìjàpá tó ń rẹ́rìn-ín sára ẹ̀, tẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀ pé ti jélé-ó-sinmi ni, ó ti di ọjà ọmọdé nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà mìíràn tún wà níbi ọdún mẹ́ta, torí ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹnu ló ń kó o lọ. Àwọn kan máa ń ṣe ọgbọ́n, wọ́n á kọ "ọdún mẹ́ta sókè" sára ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́. Kò lè gbà yín o. Òfin yẹn dárúkọ ọmọlangidi aláṣọ, irú èyí tí èmi ń ṣe gan-an, pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta ló ni ín, ohun yòówù kẹ́ ẹ kọ sára ẹ̀.

Ká mú aṣọ. Òjé tó wà nínú ohunkóhun tí ọwọ́ ọmọ lè kàn ò gbọ́dọ̀ ju 100 ppm lọ, ìyẹn ni pé nínú kílò kan, òjé ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gírámù kan lọ. Ti ọ̀dà tí wọ́n fi kun nǹkan tún le ju ìyẹn lọ, 90 ppm ni. Ibi tó ti dùn mọ́ àwa aláàdìrẹ nìyí: CPSC ti wo aṣọ fúnra wọn, wọ́n ti gbà pé òwú, sílíkì, wúùlù, àti àwọn aṣọ bíi pọ́líẹ́sítà, tí wọ́n pa láró tàbí tí wọn ò pa láró, kò ní òjé tó ju ìwọ̀n lọ, nítorí náà kò sídìí láti máa yẹ̀ wọ́n wò ní láàbù fún òjé. Aró tó wọ inú òwú lọ ni wọ́n ń sọ o. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lé orí aṣọ lẹ́yìn tí wọ́n ti hun ún tán, bí àwòrán tí wọ́n fi skríìnì tẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí nínú àforíjì yẹn. Ańkárá pọ̀ ní oríṣiríṣi, ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ ti rà á bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí láàbù wò ó tí kò bá dá yín lójú. Igi tí wọn ò kùn náà ní àforíjì, owó ẹyọ náà ní, torí ìkarahun inú omi ni.

Bọ́tìnì, síìpù, ìkọ́, àti sítóònù dídán tá a fẹ́ràn láti máa lẹ̀ mọ́ aṣọ ọdún, àwọn wọ̀nyẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà lára wọn. Sítóònù yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é lọ bẹ CPSC ní 2009 pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú òfin òjé, wọn ò gbà fún wọn. Nínú gáùn ọgọ́ta tí mo rán fún Maryland, méjìlélógún ló ní sítóònù láyà. Mo jókòó, mo tú gbogbo ẹ̀ pátá, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, alẹ́ méjì la fi ṣe é.

Ohun kan wà tó máa ń dín ìnáwó kù tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n yẹ odindi gáùn wò. Tí ẹni tó ń ta bọ́tìnì bá ti gbé bọ́tìnì ẹ̀ lọ sí láàbù tí CPSC tẹ́wọ́ gbà, tó sì fún yín ní èsì ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà báàṣì, ẹ lè lo èsì yẹn. Torí náà ó sàn kéèyàn ra bọ́tìnì oríṣi kan ṣoṣo tó níwèé, kó lò ó fún gbogbo aṣọ, ju kó máa ṣa mẹ́jọ mẹ́jọ nínú àpò ọjà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Ọmọlangidi mi wá ńkọ́? Owó ẹyọ ni mo fi ṣe ojú wọn, ó rẹwà, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Mo ti sọ pé owó ẹyọ ò níṣòro òjé. Àmọ́ òfin mìíràn tún wà fún ohun ìṣeré ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láàbù ní agolo kékeré kan, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó 31.7 mm, ìsàlẹ̀ ẹ̀ dagun, apá kan jìn tó 25.4 mm, apá kejì 57.1 mm, wọ́n ṣe é kó jọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé. Wọ́n á kọ́kọ́ ju ohun ìṣeré náà mọ́lẹ̀ léraléra, wọ́n á fà á, wọ́n á lọ́ ọ, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe é. Ohunkóhun tó bá já bọ́ lára ẹ̀, tó sì wọ inú agolo yẹn tán láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í, ọjà yẹn ti fẹ́yìn balẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á. Mo mú ọmọlangidi kan nílé, mo fi ẹ̀mú fa ojú ẹ̀ ọ̀tún. Òwú mẹ́rin ni mo fi rán an mọ́ ọn, mo rò pé kò lè já láéláé. Ìfà kẹta ló já, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ máṣíìnì. Mo mú un, mo gbé e sátẹ́lẹwọ́, mo wo bó ṣe kéré tó. Ní báyìí mo ń fi òwú dúdú kó ojú wọn sára aṣọ ni, kò sí nǹkan tó lè já.

Ẹ má fi èyí da aṣọ rú o. Bọ́tìnì ara aṣọ ọmọdé kò sí lábẹ́ òfin agolo yẹn, wọ́n yọ aṣọ àti ohun ara ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì tó bá ń já tọ́mọ sì lè gbé mì, wọ́n ṣì máa ń ní kí wọ́n kó aṣọ ọ̀hún padà kúrò lọ́jà, ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ rán an kó le.

Iná ló kù. Aṣọ gbogbo ló ní òfin iná l'Amẹ́ríkà, ti gáùn lásán kò le púpọ̀: tí aṣọ náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò nírun bí àrán, tó sì wúwo tó 88 gírámù fún mítà kan níbùú lóòró, wọn ò ní kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún iná. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gé aṣọ náà ní sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, sẹ̀ǹtímítà 10 lóòró, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń ta góòlù torí sikéèlì tiwọn ló ń mọ nǹkan kékeré, tó bá ti tó 0.88 gírámù, ó ti tó nìyẹn. Ti aṣọ àwọ̀sùn ló le. Látorí aṣọ ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́sàn-án lọ títí dé sáìsì 14, aṣọ àwọ̀sùn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iná ò lè tètè ràn, tàbí kó fún mọ́ra pinpin ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, torí aṣọ tó bá tú yẹ́ẹ́ ló máa ń fẹ́ kan iná. Òwú sì máa ń jó. Ẹ wá wo píjáámà Ańkárá tí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jọ ń wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, tó tú dáadáa, ọ̀pọ̀ wa ló ń rán an fáwọn tó wà lókè òkun. Ti bàbá àti ìyá ò sí nínú òfin ọmọdé, tàwọn ọmọ wà níbẹ̀, òwú tó tú bẹ́ẹ̀ kò ní yege. Kíkọ "kì í ṣe aṣọ àwọ̀sùn" sínú ẹ̀ kò yí i padà nígbà tí fọ́tò tẹ́ ẹ fi ń polówó ẹ̀ ń fi àwọn ọmọ hàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ti jáwọ́ nínú ẹ̀.

Wọ́n tún máa ń bi mí nípa NEPC, àjọ ìjọba wa tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókè òkun, àti SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà. Tí NEPC bá forúkọ yín sílẹ̀ pé oníṣòwò òkè òkun ni yín, ó dáa, ẹ nílò ẹ̀ níhìn-ín. Ìwé-ẹ̀rí MANCAP ti SON, fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ni. SONCAP, fún ọjà tó ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dúró dípò CPC.

Tó bá jẹ́ ìlú Ọba tàbí Yúróòpù lẹ ń kó ọjà lọ, ìwé ibẹ̀ yàtọ̀. Àmì CE tí wọ́n ń rí lára ohun ìṣeré, ẹni tó ṣe é ló ń fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rí i pé ó bá ìlànà EN 71 mu, tó sì ti kọ ìwé tó fi jẹ́rìí sí i, ohun ìṣeré ọmọ tí ò tíì pé ọdún 14 ni wọ́n ń bá wí. Ìlú Ọba ní àmì tiwọn, UKCA, wọ́n sì ṣì ń gba CE. Aṣọ lásán ò nílò àmì kankan nínú méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín. Ohun tí wọ́n máa ń wò lára aṣọ níbẹ̀ ni okùn: gáùn ọmọdébìnrin tí wọ́n ń so lẹ́yìn ọrùn, tí okùn ẹ̀ méjèèjì wá ń fì, fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún méje, ìlànà wọn ò gbà á, torí okùn ọrùn ti há sára nǹkan ó sì ti fún ọmọ lọ́rùn rí. Àti pé láti December 13, 2024, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó wà nínú Yúróòpù tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀ wà lára ọjà.

Ní Amẹ́ríkà náà, ẹ ó máa tún ọjà gbé lọ sí láàbù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣe é lọ, àti nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá yí aṣọ tàbí bọ́tìnì padà. Wọ́n ní àyè kan fáwọn oníṣẹ́ kéékèèké, tí ò ṣe ju 7,500 lọ nínú irú ọjà kan lọ́dún tí owó tó ń wọlé fún wọn ò sì ju ìwọ̀n kan lọ, wọ́n á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á bọ́ nínú àwọn àyẹ̀wò láàbù kan, àmọ́ ti ọ̀dà àti ti agolo yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n fi jì wọ́n, òfin fúnra ẹ̀ sì ṣì dè wọ́n. Láti July 8, 2026, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti máa fi ọ̀rọ̀ inú CPC ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́ọ̀mù kí ọjà tó wọlé, ẹrù kékeré náà wà níbẹ̀.

Tí ẹnì kan bá gbé CPC fún yín, ẹ wá ohun méje yìí nínú ẹ̀: ọjà wo gan-an ni, òfin wo ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọlé, ẹni tó ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ láàbù. Orúkọ láàbù yẹn, ẹ wò ó lórí àkọsílẹ̀ CPSC bóyá ó wà níbẹ̀. Bébà olórí idì tèmi, nínú méjèèje, orúkọ ọjà nìkan ló wà níbẹ̀, "children wears".

Àmì kan tún wà tó gbọ́dọ̀ wà lára ọjà fúnra ẹ̀, tí kò ní ṣí kúrò, tó sọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti báàṣì wo. Ẹ rántí oògùn eyín ọmọdé tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009. Nígbà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà báàṣì ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n máa sáré kó kúrò nílẹ̀. Oníbàárà mi gba gáùn náà níkẹyìn, láàbù yẹ̀ ẹ́ wò, òun fúnra ẹ̀ ló kọ CPC, orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lára ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì gáùn kọ̀ọ̀kan, mo rán ríbọ́ọ̀nù funfun kékeré kan mọ́ ọn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀, Abẹ́òkúta, Nàìjíríà, oṣù àti ọdún, báàṣì 02. Báàṣì 01 lèyí tó ní sítóònù tẹ́lẹ̀ kí n tó tú u, kò jáde nílé mi.